Àṣẹ Àti Àìyẹhùn: Ọlọ́run Àti Ísírẹ́lì Nínú Ìtàn

Ohun méjì ni ẹ̀kọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi máa ń sọ nípa Ọlọ́run nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan Ísírẹ́lì. Èkíní ni pé Ọlọ́run ni aláṣẹ lórí ohun gbogbo: Ó ń gbé ọba kan gorí ìtẹ́, Ó ń rọ òmíràn lóyè, kò sì sí ẹni tí ó lè bi Í pé kí ni Ó ń ṣe. Èkejì ni pé kì í yẹhùn: ìlérí tí Ó bá ti ṣe, bí ó pẹ́, bí ó yá, Ó ń mú un ṣẹ. Létí ẹni tí kò fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí a bá rò ó jinlẹ̀, a ó rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tako ara wọn. Ẹni tí àṣẹ rẹ̀ kò ní ààlà lè pa ohùn dà nígbà tí ó bá wù ú. Ẹni tí ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ìlérí ti pààlà sí àṣẹ ara rẹ̀. Àwa Yorùbá mọ ìṣòro yìí dáadáa. A ń ki ọba ní kábíyèsí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè bi í; síbẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin tí ó bá ṣe kọjá ààlà, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì lè kọ̀ ọ́. Àṣẹ wà, àdéhùn sì wà.

Báwo ni àṣẹ àti àìyẹhùn ṣe wá di ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo nínú Bíbélì? Kí ni ó sì ṣẹlẹ̀ nígbà tí Ìjọ Kristi di ọ̀kan mú tí ó sì jẹ́ kí èkejì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ìtàn ni a ó fi dáhùn ìbéèrè méjèèjì, nítorí pé inú ìtàn ni ẹ̀kọ́ náà ti jáde wá. Kì í ṣe inú àròjinlẹ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n tí wọ́n jókòó sí ibi tí ó tutù.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òkúta kan. Ní ọdún 1896, Flinders Petrie, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwú ohun àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀, rí i ní Thebes ní ilẹ̀ Íjíbítì. Fáráò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Merneptah ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí i, ní nǹkan bí ọdún 1208 ṣáájú ìbí Kristi, láti fi yin ara rẹ̀. Ísírẹ́lì wà lára àwọn tí ó ní òun ṣẹ́gun. Ohun tí ó sì sọ nípa wọn ni pé wọ́n ti di ahoro, pé irú-ọmọ wọn kò sí mọ́. Nínú gbogbo àkọsílẹ̀ tí kì í ṣe ti Bíbélì, òun ni ó lọ́jọ́ lórí jù lọ nínú èyí tí orúkọ Ísírẹ́lì hàn kedere. Èyí ni pé ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu ẹlòmíràn, ìkéde òkú ni a fi gbọ́ ọ. Fáráò kú, ìjọba rẹ̀ sì kọjá lọ. Àwọn tí ó ní wọ́n ti tán kò tán.

Májẹ̀mú tí ẹnì kan dá gbé

Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fúnra wọn ń sọ ìdí tí wọn kò fi parun, májẹ̀mú ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ìwé Gẹ́nẹ́sísì orí 15 sọ bí a ṣe dá a. Ọlọ́run ní kí Ábúrámù, tí a wá pè ní Ábúráhámù lẹ́yìn náà, mú ẹgbọrọ màlúù kan, ewúrẹ́ kan, àgbò kan àti ẹyẹ méjì wá. Ó la àwọn ẹran náà sí méjì, ó sì tẹ́ wọn kọjú sí ara wọn. Àṣà ayé ìgbà náà ni pé kí àwọn tí wọ́n bá ń dá májẹ̀mú rìn kọjá láàárín ẹran tí a là, kí ó lè di mímọ̀ pé bí ẹran yìí ni kí ẹni tí ó bá dalẹ̀ rí. Ìwé Jeremáyà orí 34 fi ìtumọ̀ àṣà náà hàn gbangba. Ìdí nìyẹn tí àwọn Hébérù kì í fi í sọ pé àwọn dá májẹ̀mú; wọ́n máa ń sọ pé àwọn gé e ni.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ náà yàtọ̀. Oorun ìjìkà kun Ábúrámù. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ìkòkò iná tí ń rú èéfín àti ògùṣọ̀ tí ń jó kọjá láàárín ẹran náà, èyí tí ó dúró fún Ọlọ́run. Ábúrámù kò rìn rárá. Nínú ìmùlẹ̀ tiwa, ẹni méjèèjì ni ó ń mu ún, a sì gbà pé ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Níhìn-ín, ọ̀kan ṣoṣo ni ó fi ara rẹ̀ sí abẹ́ ègún, ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ni. Ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí i pé àṣẹ àti àìyẹhùn pàdé: Aláṣẹ ni ó lo àṣẹ Rẹ̀ láti de ara Rẹ̀.

Ìwé Deuterónómì orí 7 fi kún un pé kì í ṣe nítorí pé wọ́n pọ̀ ni a fi yàn wọ́n, nítorí pé àwọn ni wọ́n kéré jù nínú àwọn orílẹ̀-èdè. Ìfẹ́ àti ìbúra tí a ti bú fún àwọn baba wọn ni ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ìwà rere ni a ṣe yàn wọ́n, ọjọ́ tí ìwà bá bàjẹ́ ni yíyàn yóò dópin.

Kì í ṣe pé yíyàn náà wá di àǹfààní láti ṣe ibi. Ní àárín ọ̀rúndún kẹjọ ṣáájú ìbí Kristi, Ámósì, darandaran ará Tékóà, lọ sí ìjọba àríwá, ó sì sọ fún àwọn tí ń rẹ́ tálákà jẹ pé nítorí pé Ọlọ́run mọ̀ wọ́n ju àwọn yòókù lọ ni yóò ṣe jẹ wọ́n níyà. Ó sọ ohun mìíràn tí etí wọn kò fẹ́ gbọ́. Ó ní bákan náà ni wọ́n rí lójú Ọlọ́run pẹ̀lú àwọn ará Kúṣì, ìyẹn àwọn ènìyàn dúdú tí ń gbé ní gúúsù Íjíbítì. Ó tún ní Ọlọ́run tí ó mú Ísírẹ́lì jáde ní Íjíbítì ni ó mú àwọn Filísínì àti àwọn ará Síríà wá sí ibi tí wọ́n wà. Ọlọ́run kan ni ó ni gbogbo ayé, kò sì sí orílẹ̀-èdè tí kò sí lábẹ́ àkóso Rẹ̀. Ní ọdún 722, àwọn ará Asíríà kó Samáríà, ìjọba àríwá sì tán.

Nígbà tí ìlú fọ́

Ìdánwò tí ó le jù fún ẹ̀kọ́ náà wáyé ní Jerúsálẹ́mù. Ní ọdún 597 ṣáájú ìbí Kristi, Nebukadinésárì ọba Bábílónì gba ìlú náà, ó sì kó Jehóákínì ọba lọ pẹ̀lú àwọn ìjòyè àti àwọn oníṣẹ́ ọnà. Nígbà tí Sedekáyà, ọba tí Bábílónì fúnra rẹ̀ fi jẹ, ṣọ̀tẹ̀, ogun padà wá. Ní ọdún 587 tàbí 586, wọ́n wó odi ìlú, wọ́n sì sun tẹ́ḿpìlì. Wọ́n pa àwọn ọmọ Sedekáyà níṣojú rẹ̀, wọ́n sì fọ́ ọ lójú, kí ó lè jẹ́ pé ikú wọn ni ohun ìkẹyìn tí ó rí láyé. Orí tí ó kẹ́yìn ìwé Jeremáyà ka iye àwọn tí a kó lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí 3,023, 832 àti 745. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 4,600.

Láyé ìgbà náà, ogun ìlú ni ogun òrìṣà ìlú. Bí ìlú kan bá ṣẹ́gun òmíràn, a gbà pé òrìṣà aṣẹ́gun ni ó lágbára jù, ó sì bọ́gbọ́n mu kí ẹni tí a ṣẹ́gun wá nǹkan mìíràn sìn. Àwọn kan nínú àwọn ará Júdà rò bẹ́ẹ̀. Ìwé Jeremáyà orí 44 sọ nípa àwọn obìnrin tí wọ́n sá lọ sí Íjíbítì tí wọ́n sì kò ó lójú pé ìgbà tí àwọn ń sun tùràrí sí ayaba ọ̀run, àwọn jẹun yó. Láti ìgbà tí àwọn ti jáwọ́ ni ìyà ti ń jẹ àwọn. Ìwé Ẹkún Jeremáyà pàápàá, lẹ́yìn gbogbo ìdárò rẹ̀, parí pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé bóyá Ọlọ́run ti kọ àwọn pátápátá. Kò sí ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́.

Ìdáhùn tí àwọn wòlíì fún wọn ni ó di ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ tí à ń wí yìí. Lọ́nà kìíní, wọ́n ní a kò ṣẹ́gun Ọlọ́run. Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ni ó fi ìlú lé ọ̀tá lọ́wọ́. Jeremáyà pe Nebukadinésárì ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ tí ó lè mú kí a sọ ènìyàn ní òkò ni, nítorí pé ẹni tí ó sun tẹ́ḿpìlì ni ó fún ní orúkọ oyè. Síbẹ̀ ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọba tí ó tóbi jù láyé kò ju ẹni tí a rán níṣẹ́ lọ. Lọ́nà kejì, wọ́n ní ẹni tí ó fi wọ́n lé ọ̀tá lọ́wọ́ kò tíì kọ̀ wọ́n. Bí ó bá jẹ́ ti èkíní nìkan ni, Ọlọ́run ìbá jẹ́ alágbára tí kò ṣeé fọkàn tán. Bí ó bá sì jẹ́ ti èkejì nìkan, ìbá jẹ́ olóòótọ́ tí kò ní agbára.

Jeremáyà kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Nígbà tí ogun Bábílónì ti yí ìlú ká, tí òun fúnra rẹ̀ sì wà ní àtìmọ́lé ní àgbàlá àwọn ẹ̀ṣọ́, Hanámẹ́lì ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀ wá bá a pé kí ó ra ilẹ̀ ìdílé wọn ní Anátótì. Abẹ́ ọwọ́ ọ̀tá ni ilẹ̀ náà wà. Kò sí oníṣòwò tí orí rẹ̀ pé tí ó lè ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Jeremáyà wọn ṣékélì fàdákà 17, ó pe ẹlẹ́rìí, ó fọwọ́ sí ìwé, ó sì ní kí Bárúkù akọ̀wé fi ìwé náà sínú ìkòkò amọ̀ kí ó lè pẹ́. Ó ní a ó tún máa ra ilé àti oko ní ilẹ̀ náà. Ẹni tí kò bá mọ ìtumọ̀ ìgbàgbọ́ nínú àìyẹhùn Ọlọ́run, kí ó ro ti ìwé ilẹ̀ tí ó wà nínú ìkòkò náà.

Ní Bábílónì, Èsíkíẹ́lì sọ ọ́ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní bí Ọlọ́run bá mú wọn padà, kì í ṣe nítorí tiwọn; nítorí orúkọ Rẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè ń fi ṣẹ̀sín ni. Kò fi ohun kankan sílẹ̀ tí wọ́n lè fi yangàn. Ṣùgbọ́n ìtùnú wà nínú ọ̀rọ̀ líle náà. Ohun tí kò bá dúró lórí ìwà wọn, ìwà wọn kò lè bì í ṣubú.

Àwọn awalẹ̀ láti ilẹ̀ Jámánì, lábẹ́ àkóso Robert Koldewey, wú àwọn wàláà amọ̀ jáde ní Bábílónì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Nígbà tí Ernst Weidner gbé ohun tí ó wà nínú àwọn kan lára wọn jáde ní ọdún 1939, ó hàn pé ìwé ìṣirò òróró tí a ń pín láàfin ni wọ́n. Orúkọ Jehóákínì ọba Júdà wà níbẹ̀, àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ márùn-ún. Lójú akọ̀wé Bábílónì, ẹnu kan tí a ń bọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé Àwọn Ọba Kejì parí ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú ọba yìí kan náà: wọ́n mú un jáde nínú túbú, wọ́n pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ó sì ń jẹun nídìí tábìlì ọba. Òǹkọ̀wé náà kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kàn fẹ́ kí a mọ̀ pé iná ilé Dáfídì kò tíì kú tán.

Kírúsì

Ní ọdún 539 ṣáájú ìbí Kristi, Kírúsì ọba Páṣíà wọ Bábílónì. Àkọsílẹ̀ méjì ni a ní nípa ẹni tí ó rán an. Ọ̀kan wà lára amọ̀ rọ́bọ́tọ́ kan tí Hormuzd Rassam rí ní Bábílónì ní ọdún 1879, tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní Mádúkì, òrìṣà Bábílónì, ni ó wá olódodo ọba káàkiri ayé tí ó sì di Kírúsì lọ́wọ́ mú. Èkejì wà nínú ìwé Aísáyà orí 45. Níbẹ̀, Ọlọ́run Ísírẹ́lì ni ó di í lọ́wọ́ ọ̀tún mú. Ó tún pè é ní ẹni àmì-òróró, oyè tí a mọ̀ mọ́ ọba Ísírẹ́lì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Kírúsì kò mọ̀ Ọ́n.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ni, ẹnu méjì ni. Kírúsì fúnra rẹ̀ kì í ṣe òǹsìn Ọlọ́run Ísírẹ́lì. Ìlànà ìṣèlú rẹ̀ ni láti jẹ́ kí àwọn tí a kó lẹ́rú padà sílé kí wọ́n sì máa sin ohun tí wọ́n ń sìn. Èyí kò da wòlíì náà láàmú. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé Aláṣẹ lè lo ẹni tí kò mọ̀ Ọ́n láti mú ìlérí tí Ó ṣe fún ẹlòmíràn ṣẹ. Ìwé Ẹ́sírà ka àwọn tí ó padà sí 42,360, a sì parí tẹ́ḿpìlì kejì ní ọdún 515.

Àmọ́ ìpadàbọ̀ náà kò tó ohun tí a retí. Kò sí ọba láti ilé Dáfídì. Páṣíà ṣàkóso wọn, lẹ́yìn náà àwọn Gíríìkì, lẹ́yìn èyí àwọn ará Róòmù. Ìlérí ti ṣẹ ní apá kan, ó sì ku apá kan. Inú àlàfo yìí ni ìhìnrere Kristi bọ́ sí. Nínú ìwé Lúùkù, kí a tó bí Jésù, orin Màríà àti ti Sakaráyà ti sọ ohun tí ń bọ̀: Ọlọ́run ti rántí ohun tí Ó sọ fún Ábúráhámù. Ìyẹn ni pé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ìtàn Jésù kò sọ ọ́ bí ẹni pé Ọlọ́run fi ìdílé kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn. Wọ́n sọ ọ́ bí ìlérí àtijọ́ tí ó ń ṣẹ.

Igi ólífì

Púpọ̀ nínú àwọn Júù kò gbà pé Jésù ni ẹni tí a ń retí, nígbà tí àwọn tí kì í ṣe Júù ń rọ́ wọlé. Ọ̀rọ̀ náà tún dìde: ṣé Ọlọ́run ti yẹhùn ni? Ẹni tí ó dojú kọ ìbéèrè yìí tààrà ni Páùlù, nínú Lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù orí 9 sí 11, tí ó kọ ní nǹkan bí ọdún 57.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé Róòmù ni ó kọ ọ́ sí. Ní nǹkan bí ọdún 49, Késárì Kíláúdíù lé àwọn Júù kúrò nílùú náà; Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18 sọ pé Ákúílà àti Pírísílà wà lára wọn. Nígbà tí Késárì yìí kú ní ọdún 54, àwọn Júù lè padà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwọn onígbàgbọ́ tí kì í ṣe Júù ti di onílé nínú ìjọ kí àwọn àgbà tó padà dé, tí wọ́n sì ń fojú àlejò wo àwọn tí ó bá wọn kọ́ ilé náà.

Páùlù fi àṣẹ bẹ̀rẹ̀. Ó lo àpèjúwe amọ̀kòkò tí ó ní àṣẹ lórí amọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé Ọlọ́run jẹ òun ní gbèsè. Bí ó bá dúró níbẹ̀, a lè sọ pé amọ̀kòkò ti fọ́ ìkòkò kan ó sì ti mọ òmíràn. Kò dúró níbẹ̀. Nígbà tí ó dé orí 11, ó béèrè bóyá Ọlọ́run ti ta àwọn ènìyàn Rẹ̀ nù, ó sì dáhùn pé rárá o. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ igi ólífì. Gbòǹgbò igi náà ni àwọn baba Ísírẹ́lì. A ṣẹ́ àwọn ẹ̀ka kan, a sì lọ́ ẹ̀ka ólífì ìgbẹ́ mọ́ ara igi náà, ìyẹn àwọn tí kì í ṣe Júù. Ó kìlọ̀ fún ẹ̀ka tuntun pé kí ó má ṣe gbéraga: òun kọ́ ni ó gbé gbòǹgbò ró, gbòǹgbò ni ó gbé òun ró. Ó parí rẹ̀ pé ẹ̀bùn àti ìpè Ọlọ́run kì í ṣe ohun tí Ó ń kábàámọ̀.

Gbogbo ẹ̀kọ́ náà wà nínú ìkìlọ̀ yẹn. Bí Ọlọ́run bá lè kọ ẹni tí Ó kọ́kọ́ bá dá májẹ̀mú, kí ni ẹni tí ó dé gbẹ̀yìn gbójú lé? Àìyẹhùn Ọlọ́run sí Ísírẹ́lì ni ẹ̀rí tí ẹ̀ka tí a lọ́ mọ́ igi ní.

Ìgbà tí ẹ̀ka gbàgbé gbòǹgbò

Ní ọdún 70, Títù ọmọ Késárì kó Jerúsálẹ́mù, tẹ́ḿpìlì kejì sì jóná. Ní ọdún 135, Késárì Hadrian tẹ ọ̀tẹ̀ Bar Kokhba rì, ó sì sọ ìlú náà di Aelia Capitolina. Àwọn olùkọ́ Ìjọ wo ìparun yìí, ìdájọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn sì rí. Nígbà tí Nebukadinésárì sun tẹ́ḿpìlì kìíní, àwọn wòlíì sọ ọ̀rọ̀ méjì, ìdájọ́ àti ìrètí. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí, èkíní nìkan ni Ìjọ sọ.

Ìjọ kò gba ti Marcion, tí ó fẹ́ kí a ju Májẹ̀mú Láéláé nù pátápátá. Ìjọ Róòmù lé e jáde ní nǹkan bí ọdún 144. Ṣùgbọ́n ní àárín ọ̀rúndún kejì náà, Justin Ajẹ́rìíkú kọ ìwé níbi tí ó ti ń bá Júù kan jiyàn, ó sì ní Ìjọ ni ó di Ísírẹ́lì tòótọ́. Wọ́n tọ́jú ìwé, wọ́n sì gba ogún kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ọ̀gọ́sìtínì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún, ní kí a má ṣe pa àwọn Júù. Ẹ̀rí ni kí wọ́n máa jẹ́, kí wọ́n wà káàkiri pẹ̀lú ìwé wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí a dá lẹ́bi ni ó sọ wọ́n dà.

Ẹ̀kọ́ a máa di ìṣe. Ní ọdún 1096, àwọn tí ń lọ sógun Àgbélébùú kọ́kọ́ pa àwọn Júù ní Worms àti Mainz ní ilẹ̀ Jámánì. Ní ọdún 1215, Ìpàdé Látéránì kẹrin pàṣẹ pé kí aṣọ àwọn Júù yàtọ̀. Wọ́n lé wọn kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1290, ní Sípéènì ní 1492. Lára ògiri ilé ìjọsìn ńlá tí ó wà ní Strasbourg, wọ́n gbẹ́ ère obìnrin méjì ní ọ̀rúndún kẹtàlá: Ìjọ dé adé, ó nàró, Sínágọ́gù ni a fi aṣọ dì lójú, ọ̀kọ̀ rẹ̀ sì ti kán. Martin Luther kọ ìwé pẹ̀lẹ́ nípa àwọn Júù ní 1523. Nígbà tí ó di 1543, ó ní kí a sun sínágọ́gù wọn. Nígbà tí ìjọba Hitler pa mílíọ̀nù mẹ́fà Júù ní ọ̀rúndún ogún, ìkórìíra ẹ̀yà ni ó sún un ṣe é, kì í ṣe ẹ̀kọ́ Ìjọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún tú ni ó gbin irúgbìn rẹ̀ sí.

Ìpadàsí lẹ́tà Páùlù

Jules Isaac jẹ́ Júù, ó sì jẹ́ òpìtàn ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n kó ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ lọ, wọ́n sì pa wọ́n. Nínú ìbànújẹ́ náà ni ó ti kọ ìwé Jésus et Israël, tí ó jáde ní 1948, láti fi hàn pé ohun tí Ìjọ ń fi kọ́ni nípa àwọn Júù kò bá ìhìnrere mu. Ní 1947, ó wà nínú ìpàdé Seelisberg ní ilẹ̀ Switzerland, níbi tí a ti gbé kókó mẹ́wàá kalẹ̀ fún àwọn ìjọ láti tún ìwàásù wọn ṣe. Ní 1960, ó lọ bá Póòpù Jòhánù Kẹtàlélógún. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1965, Ìpàdé Vatican Kejì gbé ìwé Nostra Aetate jáde; 2,221 ni ó fọwọ́ sí i, 88 ni ó kọ̀. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n lọ wá ìpìlẹ̀ rẹ̀ ju Róòmù orí 11 lọ. Ní 1980, Póòpù Jòhánù Páùlù Kejì sọ ní Mainz, ìlú tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn ní 1096, pé Ọlọ́run kò fagi lé Májẹ̀mú Láéláé rí. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjọ Alátùn-únṣe ti agbègbè Rhineland ní Jámánì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tí ó ti wà lọ́wọ́ Ìjọ fún 1,900 ọdún ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà parí.

Àwọn ìjọ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí bí ìlérí náà yóò ṣe parí. Àwọn kan ní inú Kristi ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ; àwọn kan ní ó ku ohun tí Ọlọ́run yóò ṣe fún Ísírẹ́lì gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí a sọ ẹ̀kọ́ yìí di ìwé àṣẹ fún ìjọba kankan láti ṣe ohun tí ó wù ú. Ámósì àti Jeremáyà gba májẹ̀mú náà gbọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ, àwọn ni wọ́n sì bá ọba àti ìjòyè wí jù.

Ohun tí ó kàn wá

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Nínú àwọn ìwé Bíbélì tí Samuel Àjàyí Crowther túmọ̀ sí Yorùbá, Lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde, ní ọdún 1850, ọdún 34 kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde ní 1884. Èyí ni pé kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó ka ìtàn Ábúráhámù ní èdè wa ni ọ̀rọ̀ igi ólífì ti wà lédè wa. Ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ mọ ohun tí ìkólọ jẹ́. Wọ́n kó o ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n tà á, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lójú òkun ní 1822. Ọdún 1846 ni ó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Láti ìgbà náà, orúkọ Ísírẹ́lì ti di orúkọ tí a ń pe ara wa nínú ìwàásù àti nínú àdúrà. A ń sọ ọmọ ní Ísírẹ́lì. Ẹni tí ó bá re Jerúsálẹ́mù bọ̀ a máa fi JP kún orúkọ rẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, bí a bá rántí ibi tí Páùlù fi wá sí. Ẹ̀ka ni wá. Nígbà tí oníwàásù bá dúró lórí àga ìwàásù tí ó sì sọ pé Ọlọ́run ti kọ àwọn Júù kí Ó lè gba tiwa, ó rò pé òun ń gbé wa ga ni. Ẹ̀ka tí òun fúnra rẹ̀ jókòó lé ni ó ń gé. Ẹni tí ó bá ń bẹ Ọlọ́run pé kí Ó má ṣe yẹhùn lórí ọ̀rọ̀ tòun, kò yẹ kí ó máa yọ̀ pé Ó ti yẹhùn lórí ti ẹlòmíràn.